Lẹ́yìn ìbò, ọ̀nà wo ni kí n gbà?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mò ń gbé, lápá Akaba Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. A dìbò lóṣù kìíní ọdún 2026, kálukú bá gbalé lọ. Ṣùgbọ́n gọ́tà àdúgbò wa kún fún àpò ọ̀rá, ọ̀rá tí òfin ọdún 2017 ti kà léèwọ̀. Àwa la ń jù ú síbẹ̀, kì í ṣe ìjọba. Láràárọ̀ Sátidé, èmi àtàwọn ọmọ mi ń kó o. Àwọn àgbà kàn ń wò wá ni, ó sì ń dùn mí gan-an. Báwo ni mo ṣe lè bá wọn sọ̀rọ̀ láìrí wọn fín? Ṣé baálé ni kí n kọ́kọ́ bá, àbí kí n lọ sọ ọ́ ní kọmúùnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa? Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.