Èsì: "ìlajúsùn" àbí "àìlèpajúdé"?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ ní kí a lo "ìlajúsùn" nínú ìwé-ìléwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera Iléṣà, fún ojú tí ẹ̀tẹ̀ kò jẹ́ kó padé mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká lò ó. "Lajú" ti di ọ̀rọ̀ ìyìn lẹ́nu wa. Èyí tó burú jù ni pé "sùn" ń sọ pé òru nìkan ni ìṣòro wà, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan la ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Aláìsàn á rọra pa ojú dé bí ẹni fẹ́ sùn, a ó fi rúlà wọn àlàfo tó kù láàárín ìpéǹpéjú méjèèjì ní mìlímítà. Lẹ́yìn náà, kó wá di ojú náà pinpin, ká tún wọ̀n ọ́n. Ẹni tí àlàfo rẹ̀ hàn nígbà tó rọra ṣe é nìkan ti wà nínú ewu. Kí a má dá a padà sílé.

"Ìpéǹpéjú àìpàdé" tí wọ́n tún mú wá kò burú, ṣùgbọ́n àmì ohùn nìkan ló ya "pàdé" kúrò lára "padé".

"Àìlèpajúdé" ni mo fara mọ́, nítorí "lè" inú rẹ̀. Aláìsàn fẹ́ pa á dé; iṣan tó ń rán ìpéǹpéjú níṣẹ́, èyí tó gba orí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá, ló daṣẹ́ sílẹ̀. Bí kò bá tíì pé oṣù 6, dókítà lè fi prednisolone, oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀, gbà á là: 40 mg lójúmọ́ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa dín in kù fún oṣù mélòó kan. Tó bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni: kí wọ́n rán etí ìpéǹpéjú pọ̀ díẹ̀, tàbí kí wọ́n fa lára ẹran ẹ̀bátí tí a fi ń jẹun wọ inú ìpéǹpéjú, kó jẹ́ pé bó bá ti di eyín pọ̀ lojú á padé.

"Ojú kíkú" ńkọ́, fún ojú tí òwú kàn tí kò ṣẹ́? Ará ilé á gbọ́ ọ sí ìfọ́jú. Ojú náà ṣì ń ríran! Iyẹ̀pẹ̀ ló wọ̀ ọ́ tí kò dùn ún, tó fi dégbò. "Ojú aláìnímọ̀lára" ló tọ́.

Ó ku ojú tó ń wú nínú. Bí a bá pè é ní "ojú pípọ́n", Àpólò ni wọ́n máa rò. Àpólò ń ṣe ipin, ó sì pọ́n káàkiri. Èyí pọ́n yí ọmọlójú ká, ó ń dunni, ìmọ́lẹ̀ ń ni ín lára, ọmọlójú á sì kéré. Bí wọn kò bá tètè kán oògùn atropine sí i kí ọmọlójú lè fẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ wo la lè fún un, tí wọn kò fi ní lọ ra oògùn Àpólò?