Dísìkì kan náà, ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: kí ló dé tí kì í fò bákan náà?

Olùkọ́-Òkè-Fìà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òṣogbo níbí. Àbúrò mi tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà fi dísìkì disc golf (eré bíi gọ́ọ̀fù, ṣùgbọ́n àwo ike ni a ń jù sínú apẹ̀rẹ̀) mélòó kan ránṣẹ́ sí wa, a sì ń jù wọ́n lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí àwọn ọmọ bá jáde kíláàsì. A kò tíì ní apẹ̀rẹ̀ oníṣéènì tí a ń ju dísìkì sí, nítorí náà òpó kan tí a rì mọ́lẹ̀ ni a ń fojú sùn.

Ohun tí ó rú mi lójú nìyí. Ọ̀kan nínú àwọn dísìkì náà ni Destroyer, nọ́ńbà tí ó sì bá a wá ni 12, 5, -1, 3. Nígbà tí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí apá rẹ̀ le dáadáa, bá jù ú, á lọ tààrà, á tẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún, á wá padà sí òsì ní ìparí, á sì jìnnà gan-an. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́tàlá bá ju dísìkì yìí kan náà, kì í dé ìdajì ọ̀nà tí á fi ya sí òsì, tí á sì fi etí gúnlẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tí ó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, ọ̀tún sì ni tirẹ̀ máa ń ya sí. Dísìkì kejì ni Leopard, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 6, 5, -2, 1. Òdìkejì ni èyí ń ṣe: bí àwọn ọmọ bá jù ú, ó ń lọ tààrà, ṣùgbọ́n bí olùkọ́ alágbára yẹn bá jù ú, á yí sí ọ̀tún, kò sì ní padà mọ́.

Ṣé ara dísìkì ni àléébù wà ni, àbí ọwọ́ tí ó jù ú? Àbúrò mi tún fẹ́ fi òmíràn ránṣẹ́. Èwo ni kí n ní kí ó rà fún àwọn ọmọ, èwo sì ni ti àwọn àgbà?

Ọmọ-Láróòyè

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Dísìkì yín kò ní àléébù, ọwọ́ àwọn ọmọ kò sì ní àléébù. Ìyára tí dísìkì ń béèrè àti ìyára tí apá lè fún un ni kò bára mu.

Nínú nọ́ńbà mẹ́rin tí ẹ kọ yẹn, ti àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì lóye jù. Nọ́ńbà 12 ti Destroyer kò túmọ̀ sí pé yóò sáré ju Leopard lọ ní ọwọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé e. Ohun tí ó ń sọ ni bí a ṣe gbọ́dọ̀ jù ú kí ó le tó, kí àwọn nọ́ńbà mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e tó lè jẹ́ òtítọ́. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká ìyára yẹn, irọ́ ni àwọn nọ́ńbà yòókù ń pa fún un. Nọ́ńbà kejì, tí ó ń lọ láti 1 dé 7, ń sọ bí dísìkì ti lè rá bàbà bí àwòdì pẹ́ tó kí ó tó wálẹ̀. Ìkẹta ń sọ bí yóò ti tẹ̀ sí ọ̀tún tó nígbà tí eré rẹ̀ ṣì pọ̀, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá sì jẹ́ -3 tàbí -4 yóò tẹ̀ gidigidi. Ìkẹrin, láti 0 dé 5, ń sọ bí yóò ti fi agbára padà sí òsì tó nígbà tí eré bá ń tán lára rẹ̀. Ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù, tí ó ń fa apá kọjá níwájú àyà, ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n gbogbo èyí. Ní ti ọmọbìnrin ọlọ́wọ́ òsì yín, ẹ fi ọ̀tún sí ipò òsì, kí ẹ fi òsì sí ipò ọ̀tún, ó parí. Bí tirẹ̀ ṣe ń fò yẹn ni ó yẹ kí ó fò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù lójú mi ni ìdí tí ó fi ń rí bẹ́ẹ̀. Dísìkì tí ó ń pòòyì kì í tẹ̀ sí ìhà tí afẹ́fẹ́ bá tì í sí gan-an. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ipá náà máa ń hàn sí. Nígbà tí eré pọ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé ìdajì ẹ̀yìn dísìkì ju ìdajì iwájú lọ, ó ń fẹ́ tẹ imú rẹ̀ ba, ṣùgbọ́n nítorí pé ó ń pòòyì, títẹ̀ sí ọ̀tún ni èyí ń dà. Nígbà tí eré bá lọ sílẹ̀, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé e á sún síwájú, á fẹ́ gbé imú rẹ̀ sókè, èyí á sì di títẹ̀ sí òsì. Ọmọdé tí ó ju Destroyer kò dé apá àkọ́kọ́ yẹn rárá. Apá ìparí ni ìfò tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ń ya sí òsì kíákíá. Ẹlẹgbẹ́ yín ní tirẹ̀ ń fún Leopard ní ìyára tí ó ju èyí tí ó ń béèrè lọ, nítorí náà títẹ̀ sí ọ̀tún rẹ̀ ń di ìlọ́po, kò sì sí agbára ìparí tí yóò dá a padà, torí 1 péré ni.

Ẹ tún wo etí àwọn dísìkì náà. Etí tí a ń dì mú lára Destroyer fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.2, nígbà tí ti Leopard jẹ́ nǹkan bí 1.6. Ọwọ́ ọmọ ọdún méjìlá kò lè di èyí tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mú ṣinṣin, bí kò bá sì dì í mú ṣinṣin, kò lè pòòyì tó. Ní tèmi, ẹni tí kò bá tíì lè ju dísìkì onínọ́ńbà 7 dé nǹkan bí mítà 90 kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú onínọ́ńbà 12. Kí àwọn ọmọ máa lo Leopard lọ. Fún ẹlẹgbẹ́ yín, ẹ ní kí àbúrò yín ra Teebird, 7, 5, 0, 2, tí kì í tètè yí sí ọ̀tún.

Ìyá-Ìbejì-Ògo-Olúwa

Olùkọ́ wa, ẹ ṣeun tí ẹ ń fi eré tuntun kọ́ àwọn ọmọ wa. Ẹ má gbàgbé ìwọ̀n. Òfin eré náà sọ pé dísìkì kò gbọ́dọ̀ wúwo ju gíráàmù 8.3 lọ fún sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan tí ó fi gbòòrò, ìdí nìyẹn tí Destroyer, tí ó gbòòrò tó nǹkan bí 21.1, kò fi lè kọjá nǹkan bíi 175. Wọ́n ń ṣe dísìkì kan náà ní ìwọ̀n oríṣiríṣi, nítorí náà kí àbúrò yín wo nọ́ńbà gíráàmù tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó tó sanwó. Leopard tí ó jẹ́ 150 tàbí tí ó dín ni kí ó rà fún àwọn ọmọdé, nítorí pé apá kékeré lè tètè fún èyí tí ó fúyẹ́ ní eré. Àwọn àgbà lè gba èyí tí ó wúwo.

Alágbà-Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Mo gba ohun tí Ọmọ-Láróòyè sọ nípa ìyára, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pé kí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Leopard. Putter, dísìkì tí a ń fi ju ibi tí ó súnmọ́, ni kí ẹ kọ́kọ́ fi lé wọn lọ́wọ́, irú èyí tí ó dà bí Aviar, 2, 3, 0, 1, kí wọ́n máa jù ú jìnnà, kì í ṣe ìdí òpó nìkan. Ní ọdún 1975, tí Ed Headrick ṣètò pápá disc golf sí Oak Grove ní California, kò tíì sí driver, dísìkì tí a ṣe fún jíjù jìnnà, kankan láyé. Ọdún 1983 ni Innova, ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe dísìkì, gbé Eagle jáde, dísìkì àkọ́kọ́ tí etí rẹ̀ mú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn tí ó ṣeré ṣáájú ìgbà náà, dísìkì elétí róbótó ni wọ́n fi kọ́ ọwọ́, ọwọ́ wọn sì mọ́. Putter kì í fi àṣìṣe pa mọ́: bí ó bá ń gbọ̀n bí ó ti ń kúrò lọ́wọ́, kíá ni ẹ ó rí i.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí Olùkọ́ ṣe kí ó tó náwó ni pé kí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ tí ó ń jù, kí ó wo imú dísìkì bí ó ti ń kúrò lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọmọ ń gbé imú rẹ̀ sókè láìmọ̀. Dísìkì á gòkè, eré rẹ̀ á kú lókè, á sì ya sí òsì, ì báà jẹ́ Leopard, ì báà jẹ́ Destroyer. Ẹni tí ó bá ń ra dísìkì nítorí àìsàn yìí yóò rà á títí. Kí ọmọ náà di dísìkì mú ní ìpele àyà, kí ó fà á kọjá ní ìlà kan náà, kí ó sì jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí ó ń da omi inú ife sílẹ̀.

Olùkọ́-Òkè-Fìà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ará. Mo ti wo imú dísìkì bí Bàbá ti wí, òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ń gbé e sókè, ọmọbìnrin ọlọ́wọ́ òsì yẹn sì wà lára wọn. Putter ni n óò fi bẹ̀rẹ̀, Leopard tí ó fúyẹ́ á tẹ̀ lé e. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù: bí ọyẹ́ bá dé, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ gba orí pápá wa kọjá, ṣé àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ṣì dúró? Pápá wa sì ní òkúta wẹ́wẹ́ tí ó ń họ etí dísìkì.

Ọmọ-Láróòyè

Wọn kò dúró, Ẹ̀gbọ́n. Bí a bá kọjú sí atẹ́gùn, ṣe ni ó dà bí ẹni pé dísìkì ń sáré ju bí a ti jù ú lọ, nítorí náà yóò túbọ̀ tẹ̀ sí ọ̀tún. Bí atẹ́gùn bá wá láti ẹ̀yìn, yóò tètè padà sí òsì, yóò sì tètè wálẹ̀. Àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá sí Òṣogbo, ọmọ tí ó bá sì kọjú sí ìhà yẹn pẹ̀lú Leopard onígíráàmù 150 lè rí i kí ó dojú dé kó tó lọ jìnnà. Etí tí ó bá họ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, nítorí pé bí dísìkì ti ń gbó ni ó ń tẹ̀ sí ọ̀tún sí i. Irú ike tí Innova ń pè ní DX kò wọ́n, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè gbó. Irú ike tí wọ́n ń pè ní Champion àti Star ń pẹ́ jù ú lọ, nítorí òkúta wẹ́wẹ́ yín ni mo fi dárúkọ wọn. Ẹ má ju èyí tí ó bá gbó nù: Destroyer tí ó bá ti gbó máa ń rọrùn fún apá tí kò le tó ti ẹlẹgbẹ́ yín ju tuntun lọ. Fún ọjọ́ tí atẹ́gùn bá le, ẹ ní kí àbúrò yín fi Roc kan kún un fún àwọn ọmọ, 4, 4, 0, 3, kí wọ́n máa jù ú ní ìsàlẹ̀, kí ó má gòkè ju orí wọn lọ. Fún ẹlẹgbẹ́ yín, Firebird, 9, 3, 0, 4, ni atẹ́gùn kò fi bẹ́ẹ̀ lè yí padà.