Kápúsù mi rọ́ sínú lábẹ́ SEM: ṣé òróró ṣì wà nínú wọn?

Ọmọ Láàbù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Kápúsù kéékèèké tí èèpo wọn jẹ́ urea-formaldehyde (irú ike kan) ni mò ń ṣe. Òróró linseed àti benzotriazole (oògùn tó ń dáàbò bo bàbà) ló wà nínú rẹ̀, ọ̀dà la máa pò ó mọ́, kí bàbà má bàa dípẹtà. Bí nǹkan bá ha ọ̀dà náà, kápúsù ojú ibẹ̀ á fọ́, oògùn á ṣàn síbẹ̀. Ìlànà tí àwọn ará Yunifásítì Illinois gbé jáde ní 2003 ni mo tẹ̀ lé: pH 3.5, ooru 55°C, wákàtí 4. Òróró náà ki, ni mo bá fi xylene (kẹ́míkà olómi tó tètè ń fẹ́ lọ) là á.

Lábẹ́ maikiroskóòpù láàbù wa, wọ́n rí roboto, wọ́n ń dán bí ẹyin ẹja. Ìlú mìíràn ni SEM, maikiroskóòpù alágbára tó ń fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wo nǹkan, wà. Ọ̀sẹ̀ 3 ni mo fi dúró kó tó kàn mí, mo sì sanwó. Gbogbo wọn ló rọ́ sínú bí ọsàn tó ti gbẹ! Ó dùn mí gan-an. Àbí òfo ni wọ́n látilẹ̀?

Àgbà Ọlọ́dà:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Má dà wọ́n nù. Wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú SEM tán, xylene á gba ara èèpo jáde, èèpo tó bá fẹ́lẹ́ á sì rọ́. Fi díẹ̀ sáàárín gíláàsì 2, kí o tẹ̀ ẹ́, kí o máa wò ó. Lẹ́yìn náà, wọn gíráàmù 1, lọ̀ ọ́, fi acetone fọ òróró rẹ̀ kúrò, sá èèpo gbẹ, kí o tún un wọ̀n. Ohun tó bá dín ni òróró.

Ìyá Kẹ́mísìrì:
Èmi ò bẹ̀rù òróró, benzotriazole ni mò ń rò. Ó ń yọ́ nínú omi, ó sì máa ń so mọ́ formaldehyde. Nínú ooru fún wákàtí 4, ó lè ti sá kúrò nínú òróró. Omi tí o sẹ́ kúrò lára kápúsù dà? Gbé e sídìí ẹ̀rọ UV, wò ó ní nǹkan bí 260 nm, ibẹ̀ ni benzotriazole ti ń gba ìmọ́lẹ̀. Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má ṣí formalin (omi formaldehyde) níta fume hood (àpótí tó ń fa èéfín kẹ́míkà síta). Jẹjẹrẹ ló ń fà.

Ọmọ Láàbù:
Ẹ ṣé gan-an, sà. Mo tẹ 10 lọ́kọ̀ọ̀kan, 9 tú òróró jáde. Ó tàn lórí gíláàsì, èèpo wá kù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí awọ ẹ̀pà. Nínú gíráàmù 1, 0.68 ni òróró. Mo ti da omi yẹn nù, mà. Lọ́jọ́ Ajé, màá ṣe òmíràn láìfi xylene sí i, màá sì rọ omi rẹ̀ sínú ìgò. Hood wa ń ṣiṣẹ́, mà.