Ẹ bá mi wo ìdí Zippo yìí: ṣé 1968 ni àbí 1969?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa láítà àtijọ́. Bàbá mi àgbà fi Zippo kan sílẹ̀ nínú àpótí wọn. Èmi ò mu sìgá, àmọ́ bó ṣe máa ń dún "kàn" tí mo bá ṣí ìdérí rẹ̀ ti wọ̀ mí lára.

Mo mọ̀ pé George Blaisdell ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Bradford, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní 1932. Láítà kan láti Austria ló wò kó tó ṣe tiẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ṣe é fún.

Ibi tó ti dojú rú fún mi rèé. Láti 1966 títí di 1973, ìlà olóòró ni wọ́n fi ń sàmì ọdún sí ìdí rẹ̀: mẹ́rin lósì, mẹ́rin lọ́tùn-ún, wọ́n á wá máa yọ ọ̀kan kúrò lọ́dọọdún. Mẹ́ta wà lósì tiwa. Ọwọ́ ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Méjì hàn kedere, ẹ̀kẹta dà bíi pé ó wà, ó tún dà bíi pé ojú mi ló ń tàn mí.

Àmì wà lára ẹ̀rọ inú rẹ̀ tó gbé òwú dání náà. Ṣé mo lè gbára lé ìyẹn? Ilé iṣẹ́ yìí máa ń tún láítà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì lè ti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè fi nu ìdí rẹ̀ tí kò ní ha á?