Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti òbí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ásímà yìí

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Èmi nìkan ni nọ́ọ̀sì nílé ìwé wa, àwọn ọmọ tó ní ásímà níbẹ̀ ju mẹ́wàá lọ, ìyẹn àwọn tí òbí wọn sọ fún wa o, torí àwọn kan ń fi pamọ́ bíi pé ohun ìtìjú ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọ kan sáré lórí pápá, àyà ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún fee fee, kò lè sọ gbólóhùn kan parí, ìgbà tí mo máa rí inhaler búlúù ẹ̀ nínú báàgì, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń fà sẹ́nu kí wọ́n lè tètè mí dáadáa, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ mọ́. Ti ọmọ míì àti spacer tó wà lọ́wọ́ mi, ìyẹn ike tí wọ́n ń fi sẹ́nu inhaler kí oògùn lè wọ inú àyà dáadáa, la fi dóòlà ẹ̀. Mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni inhaler tó yẹ kí wọ́n máa fà lójoojúmọ́ láti dènà ẹ̀, àwọn òbí á ní ara ọmọ ti yá, wọ́n á dá a dúró, bẹ́ẹ̀ ásímà ò lọ torí pé ọmọ mí dáadáa lónìí. Àwọn tíṣà náà ń ti inhaler mọ́ inú dúrọ́ọ̀.

Báwo lẹ ṣe ń rí ètò ìtọ́jú tí dókítà kọ sílẹ̀ gbà lọ́wọ́ òbí? Ta ló ń yẹ inhaler wò bóyá ó ti tán? Ṣé àwọn tíṣà yín mọ spacer lò?