Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé-ìwé, kí ló yí padà lọ́wọ́ yín lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ọkàn àti ìwà ọmọ?

TíṣàTuntun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ilé-ìwé wa fẹ́ dá wa lẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe lè ran ọmọ lọ́wọ́ tí inú rẹ̀ bá bà jẹ́ tàbí tí ìwà rẹ̀ dédé yí padà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, kí lojú yín rí?

Olùkọ́Ìṣirò
Ọjọ́ kan? Kò lè tó.

ÀǹtíKíláàsìKejì
Mo ti ṣe ọlọ́jọ́ kan rí. Wọ́n ṣàlàyé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọ́n pín ìwé fún wa, a ya fọ́tò, ó parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ kan gbé àga jù lulẹ̀ ní kíláàsì mi. Gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ ló fò lọ. Igbe ni mo fi bọnu. Ọmọ ń pariwo, èmi náà ń pariwo, àwọn tó kù ti ń sunkún.

Ọdún kejì ni ilé-ìwé wá mú ẹnì kan tó ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kò tún ọ̀rọ̀ mi ṣe níwájú àwọn ọmọ rí. Ìgbà tí a bá jáde ló máa bi mí pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀ kí ọmọ yẹn tó bẹ̀rẹ̀?" Lákọ̀ọ́kọ́, mo ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tó di ìgbà kẹrin, mo rí i. Ìgbàkígbà tí mo bá ní kí wọ́n dìde kàwé sókè lọ́kọ̀ọ̀kan ni wàhálà ń bẹ́. Ọmọ náà kò lè kàwé dáadáa. Ojú ń tì í. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí n lé e síta ju kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ bó ṣe ń kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kéékèèké. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń lé e síta. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Olùgbaninímọ̀ràn
Àǹtí, ohun tí ẹ rí yẹn ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Ohun mẹ́ta la máa ń ní kí tíṣà kọ sílẹ̀: ohun tó ṣáájú, ohun tí ọmọ ṣe, ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ wá. Ẹ̀kẹta ni a kì í fojú sí. Tí ọmọ bá ń sá fún ìwé kíkà, tí a sì lé e síta, a ti fún un ní ohun tó ń wá. Yóò tún un ṣe lọ́la.

Ní ti ọlọ́jọ́ kan, láti àwọn ọdún 1980 ni Bruce Joyce àti Beverly Showers, àwọn olùwádìí lórí ẹ̀kọ́ tíṣà, ti ń sọ pé àlàyé nìkan kì í bá tíṣà dé kíláàsì. Ó gbọ́dọ̀ rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó dán an wò, kí ẹnì kan sì wà pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. TíṣàTuntun, ìbéèrè tó yẹ kí o bi wọ́n ni pé: ta ló máa padà wá lẹ́yìn ọjọ́ yẹn?

ÒbíỌmọMẹ́ta
Ẹ má bínú sí mi o. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi ò rán ọmọ wá sí ilé-ìwé kí tíṣà wá di dókítà ọpọlọ fún un. Ẹ kọ́ wọn níwèé, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún àwa òbí.

Olùkọ́Ìṣirò
Mà, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kò lè gbọ́ ìṣirò tí mo ń kọ́ ọ. Mo ti gbìyànjú ẹ̀.

ỌgáÀgbàTẹ́lẹ̀
Kò sí ẹni tó ní kí tíṣà ṣe iṣẹ́ dókítà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ, kí a kí wọn ní ẹnu ọ̀nà, kí òfin kíláàsì yé wọn, kó má sì máa yí padà lójoojúmọ́, ti tó wọn. Àwọn díẹ̀ ń fẹ́ àfikún. Ìwọ̀nba kéréje ló yẹ kí a darí sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀, iṣẹ́ tíṣà sì ni kó tètè mọ̀ wọ́n.

Ẹni tó bá sì rò pé ó ń gba àkókò ìwé, ní 2011 olùwádìí Joseph Durlak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àbájáde ètò 213 jọ, ètò ilé-ìwé tó ń kọ́ ọmọ bí yóò ṣe kápá ọkàn rẹ̀ àti bí yóò ṣe bá ẹlòmíràn gbé, àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ lé ní 270,000. Ẹ to ọmọ 100 sórí ìlà gẹ́gẹ́ bí máàkì wọn, ẹ mú èyí tó wà láàárín: irú ìrànlọ́wọ́ yìí tó láti mú un rékọjá ọmọ 11 sí i. Àwọn tíṣà inú kíláàsì fúnra wọn sì lè ṣe é.

ÒbíỌmọMẹ́ta
Mo gbọ́, sà. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí inú fi ń bí mi. Ọmọ mi àgbà sọ ọ̀rọ̀ ilé wa kan fún tíṣà rẹ̀, ó fọkàn tán an. Kí wọ́n tó jáde ilé-ìwé lọ́jọ́ náà, gbogbo yàrá àwọn tíṣà ti gbọ́. Tíṣà mìíràn tún fi pè é níwájú kíláàsì. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yẹn kì í bá àgbàlagbà kankan sọ̀rọ̀ mọ́, títí kan èmi.

ÀǹtíKíláàsìKejì
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an.

AlábòójútóÌwé
Kò yẹ kí irú tíṣà bẹ́ẹ̀ wà níwájú ọmọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ gbogbo wa bí a ṣe ń pa ẹnu mọ́, kí wọ́n tó kọ́ wa ní ohunkóhun. Èmi máa ń ṣèlérí fún àwọn ọmọ pé mi ò ní sọ.

Olùgbaninímọ̀ràn
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣèlérí yẹn. Tí ọmọ bá sọ pé wọ́n ń fìyà jẹ òun, tàbí pé òun fẹ́ ṣe ara òun léṣe, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó yẹ. Tí ẹ bá ti búra, ẹ máa di ọ̀dàlẹ̀ lójú rẹ̀. Kí ó tó ṣí ẹnu ni kí ẹ sọ pé: "Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ rẹ ṣe àwàdà, mi ò ní sọ ọ́ kiri. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ohun tó lè pa ọ́ lára, mo máa wá ẹni tó lè ràn wá lọ́wọ́, mo sì máa sọ fún ọ kí n tó lọ."

AlábòójútóÌwé
Ọmọ wo ló máa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn èyí?

Olùgbaninímọ̀ràn
Wọ́n ń sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fẹ́ kí àgbàlagbà gba ẹrù náà lọ́wọ́ wọn.

Awakọ̀Bọ́ọ̀sìIléÌwé
Mo ti ń kà á láti òkè. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé ọmọ, wọn ò pè mí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan rí. Ọmọ kan wà tó máa ń jókòó lẹ́yìn mi gan-an, tó ń rojọ́ fún mi títí a ó fi dé. Ó ṣàdédé kó sí ẹ̀yìn pátápátá. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pín nǹkan rẹ̀, pẹ́ńsù tó fẹ́ràn jù, bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀. Mo bi í pé ṣé wọ́n ń kó kúrò ni? Ó ní rárá, òun ò ní nílò wọn mọ́.

Ara mi bù máṣọ. Mi ò mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá bi í tààrà, èmi ni mo máa fi èrò náà sí i lọ́kàn. Mo ṣáà lọ bá olùgbaninímọ̀ràn ilé-ìwé kí mọ́tò tó tutù. Wọ́n pe àwọn òbí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọn ò sì fi í sílẹ̀ nìkan. Ọmọ náà wà láàyè lónìí. Ó ti ga jù mí lọ.

ÀǹtíKíláàsìKejì
Omi bọ́ lójú mi. Ọlọ́run á bù kún yín, bàbá.

Olùgbaninímọ̀ràn
Ẹ ṣeun, bàbá. Fún gbogbo wa: bíbéèrè pé "Ṣé o ti ń ronú láti gba ẹ̀mí ara rẹ?" kì í fi èrò náà sí ọmọ lọ́kàn. Ó ń jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹnì kan rí òun. Ẹ má fi í sílẹ̀ nìkan títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé láàárín ọmọ ọdún 10 sí 19, ẹnì 1 nínú 7 ló ní ìṣòro ọpọlọ.

Olùkọ́Ìṣirò
Ọmọ 35 ló wà ní kíláàsì mi. Ìyẹn tó márùn-ún. Mo ti ń wo orúkọ wọn nínú ìwé láti ìgbà tí mo ti kà á. Àwọn aláriwo nìkan ni mo mọ̀. Mi ò mọ nǹkan kan nípa àwọn tó dákẹ́.

ÒbíỌmọMẹ́ta
Bàbá awakọ̀, ká ní irú yín ni ọmọ mi bá pàdé ni.

Arábìnrin_T
Ta ló wá ń bi àwa tíṣà léèrè bí ọkàn wa ṣe rí?

ÀǹtíKíláàsìKejì
Ẹ bá mi bi wọ́n! Mi ò lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀ nígbà tí èmi fúnra mi ò tíì mí délẹ̀. Ẹni tó ń wá sí kíláàsì mi ló kọ́ mi pé kí n dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí n mí, kí n rẹ ohùn sílẹ̀, kí n má sì dúró ko ọmọ lójú. Ọ̀rọ̀ díẹ̀. Tí ara ọmọ bá ti balẹ̀ ni a ó tó sọ ti ìbáwí.

TíṣàTuntun
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti lọ bá ọ̀gá wa. Mo béèrè ta ló máa padà wá, wọ́n ní àwọn á wò ó. Mo tún béèrè bóyá àwọn awakọ̀ àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà máa wà níbẹ̀. Wọ́n ní àga kò tó.

Awakọ̀Bọ́ọ̀sìIléÌwé
Àga náà ni wọ́n sọ fún àwa níbí. Mo ní mo lè dúró.