Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí la máa ṣe sí aṣọ òwú tí Màmá Jos fi sílẹ̀?

Ìyá Tómi, Kúbwá:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ọ̀rọ̀ mi gùn, ẹ bá mi fara dà á.

Ìyá tó bí màmá mi papòdà lọ́dún tó kọjá. Màmá Jos là ń pè é, bẹ́ẹ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń ṣòwò ní Jos láti ọjọ́ pípẹ́, kò ní yà yín lẹ́nu. Ọkọ rẹ̀ mú un gòkè wá ní ìyàwó ọ̀ṣìngín, kò sì wọlé mọ́ àfi tó bá di ọdún tàbí òkú. Òwú àti abẹ́rẹ́ ló ń tà ní ọjà Terminus títí iná fi jó ọjà náà ní 2002. Gbogbo ọjà rẹ̀ ló bá a lọ, ó ku àpò òwú mẹ́ta tó wà nílé. Àpò mẹ́ta yẹn ló jókòó tì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í hun nǹkan.

Ẹni tó bá ti sun Jos mọ́jú lóṣù Kejìlá mọ ohun tí mò ń wí. Ìlú náà fi ohun tó lé ní 1,200 mítà ga ju òkun lọ. Ọyẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe irú ti Àbújá yìí tí a ń pariwo lé lórí. Ọmọ kan kò gbọdọ̀ pé ọjọ́ mẹ́jọ láyé ní àdúgbò wa kí fìlà, sọ́kìsì àti suẹ́tà Màmá má tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ì báà ṣe ọmọ Bẹ̀rọ́ọ̀mù, Haúsá, Ígbò tàbí tiwa. Àwọn ìyá Haúsá tó ti kó lọ sí òdìkejì ìlú lẹ́yìn ìjà ẹ̀sìn àti ẹ̀yà tó ṣẹlẹ̀ ní Jos ní 2001 náà ń ránṣẹ́ wá gba fìlà. Kò gbowó rí. Tí o bá na owó sí i, á ní, "Fi ra ọṣẹ, kí o máa fi fọ̀ ọ́."

Ojú òwú àti àdúrà ló ń kà pọ̀. "Méjìdínlógún, Olúwa má jẹ̀ẹ́ kó mọ ikú ìyá rẹ̀ ní kékeré, mọ́kàndínlógún, jẹ́ kó gbọ́n, ogún..." Tí o bá bá a sọ̀rọ̀ láàárín rẹ̀, á tú ìlà yẹn, á tún un bẹ̀rẹ̀. Títí di òní a ò mọ̀ bóyá nítorí òǹkà ni tàbí nítorí àdúrà.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i la fẹ́ ṣe ìrántí ọdún kan níbí. A ṣí pọ́tímáńtò tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, aṣọ òwú 43 la bá níbẹ̀, káńfọ̀ kún àárín wọn. Ó so bébà mọ́ 31 nínú wọn, ó kọ orúkọ sí i. Àwọn kan ti dàgbà kọjá aṣọ wọn. Àwọn kan ò tíì wáyé: ó kọ "Àkọ́bí Túnjí" sára ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ Túnjí ò tíì mú ìyàwó wálé. Mo rí tèmi náà: "Ọmọ Bùkọ́lá kejì." Mi ò lóyún o. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni suẹ́tà aláwọ̀ ewé kan tí ọwọ́ rẹ̀ kan ò tíì sí, abẹ́rẹ́ méjèèjì ṣì wà lára rẹ̀. Kò sí orúkọ lára ìyẹn.

Bọ̀dá Kàdúná, ẹ̀gbọ́n màmá mi, ní ká pín gbogbo rẹ̀ fún àlejò, ká má bàa tún náwó sórí abọ́ rọ́bà. Màmá mi ní ká kó o lọ sí wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun ní ọsibítù. Àbúrò wọn obìnrin ní ogún ni, ká pín in ní orí ò jorí. Èmi fẹ́ kí kálukú gba èyí tó jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gba ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí mo bí Tómi, Màmá fi suẹ́tà pupa ránṣẹ́ láti Jos. Mo ní yóò máa yún ọmọ lára, mo kì í bọ inú báàgì, mo ra òmíràn ní Wúsè. Nígbà tó wá kí wa, ó gbọ́mọ, ó fi ìka fa ọrùn aṣọ tí mo rà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ̀rọ ló hun ún." Kò tún mẹ́nu bà á mọ́ títí ó fi kú. Èmi yìí náà ni mo wá fẹ́ dìde láàárín ẹbí pé mò ń jà nítorí aṣọ òwú?

Ìyá Ìbejì:

Ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ̀bùn kì í ṣe ogún. Àwọn 31 tó lórúkọ, ìyá ti fún àwọn tó ni wọ́n, kò kàn tíì dé ọwọ́ wọn ni. 12 tó kù lẹ lè máa fà mọ́ra yín lọ́wọ́. Ní ti suẹ́tà pupa, ẹ gbé e kúrò lọ́kàn. Ṣé ẹni tó ń bínú ló tún máa jókòó hun ti ọmọ kejì?

Ìgè Lúgbẹ̀:

Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú bébà ara wọn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná. Káńfọ̀ tí ẹ dárúkọ yẹn ni mo rí. Ẹ má gbé aṣọ yẹn wọ ọmọ tuntun kankan, ẹ má sì kó o lọ sí wọ́ọ̀dù. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa, pàápàá àwọn ọkùnrin, ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà kan tó pọ̀ tó, G6PD là ń pè é. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káńfọ̀ símú, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa fọ́, ojú rẹ̀ á di yẹ́lò. Ibà apọ́njú nìyẹn. A máa ń gbé wọn sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù. Tó bá le, a máa ń pa ẹ̀jẹ̀ wọn dà. Èyí tí wọ́n bá gbé wá pẹ́, tó ti dé ọpọlọ, ọmọ náà lè di adití, tàbí kí ọwọ́ àtẹsẹ̀ rẹ̀ má ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Àwọn ìyá kò mọ̀. Inú aṣọ àkọ́bí tí wọ́n tọ́jú fún ọmọ tuntun ló ti ń wá. Ẹ kó káńfọ̀ yẹn dànù lónìí. Ẹ fọ aṣọ náà, ẹ sá a sí atẹ́gùn lọ́pọ̀ ìgbà, síbẹ̀ kí ó jẹ́ ọmọ tó ti ń rìn ni yóò wọ̀ ọ́.

Bàbá Kàrú:

Bùkọ́lá ọmọ mi, má bá Bọ̀dá rẹ jà. Owó ló ń rò, ó sì jàre: abọ́ rọ́bà mẹ́tàdínlógún ló wà nílé mi báyìí, mi ò mọ òkú ta ni mo ti gba mẹ́sàn-án nínú wọn. Pè é lórí fóònù kí ìpàdé ẹbí tó dé. Má sọ pé o fẹ́ nǹkan kan. Ka orúkọ ara bébà náà sí i létí, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Màmá Dọ́kásì, Nyanya:

Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 9, nígbà tí Dọ́kásì kú, ṣé ẹ rántí ohun tí àwọn opó ṣe nígbà tí Pétérù dé? Ẹkún ni wọ́n ń sun, wọ́n sì ń fi ẹ̀wù tó rán hàn án. Wọn ò pín in, wọ́n fi hàn ni. Ẹ ta okùn sí iwájú kánópì lọ́jọ́ náà, kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ kọ́ pẹ̀lú bébà wọn. Ẹ sọ fún àwọn ará Jos tó ń bọ̀ kí wọ́n mú tiwọn wá, bó ti wù kó gbó tó. Ẹ̀yin náà, ẹ wá suẹ́tà pupa yẹn rí.

Alhaja Minna:

Ọlọ́run á forí jin ìyá. Àwa Mùsùlùmí gbà pé sàdákà járíyà, ìyẹn ìtọrẹ tí àǹfààní rẹ̀ ń bá a lọ, kì í jẹ́ kí iṣẹ́ òkú dúró. Tí màmá yín bá ṣì fẹ́ fún ọsibítù, ẹ ra òwú tuntun, kí ẹ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n hun. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ yìí, a máa bá yín hun mẹ́wàá láìgba kọ́bọ̀. Ẹ dáná sun fọ́nrán kan nínú òwú Màmá. Tó bá rùn bí irun tó jó, irun àgùntàn ni. Tó bá yọ́ di kókó líle, òwú àtọwọ́dá ni, kòkòrò kì í sì í jẹ ẹ́, kò nílò káńfọ̀ rárá. Tó bá jẹ́ irun àgùntàn, ewé dóńgóyárò gbígbẹ nínú àpò ni àwa ń lò.

Ìyá Tómi, Kúbwá:

Ẹ ṣé gan-an ni. Nọ́ọ̀sì, mo ka tiyín sétí màmá mi, wọ́n dìde lọ da káńfọ̀ náà nù lóru. Fọ́nrán tí a sun di kókó líle.

Mo pe Bọ̀dá Kàdúná láàárọ̀ yìí. Mo ka orúkọ. Kò dá mi lóhùn títí mo fi dé ìkẹrìnlélógún, "Ọmọ ọmọ Délé." Òun ni Délé. Ó ní kí n tún ìyẹn kà. Lẹ́yìn náà ó ní òun á ra abọ́ rọ́bà náà, kí n sọ iye tí a nílò.

Suẹ́tà pupa wà lókè wọ́dúróòbù mi. Tómi ti lé lọ́dún mẹ́fà, kò wọ̀ ọ́ lórí mọ́, ṣùgbọ́n a máa fi kọ́ okùn.

Ó ku aláwọ̀ ewé. Àǹtí mi mọ̀ ọ́n hun díẹ̀, wọ́n ní àwọn lè parí ọwọ́ tó kù tí a bá rí òwú tó bá a mu. Ibo ni mo ti lè rí i ní Àbújá, àbí ó di Jos?

Alhaja Minna:

Ẹ kọ́kọ́ wá a ní Wúsè. Ẹ gé díẹ̀ lára òwú tó ṣẹ́ kù sídìí abẹ́rẹ́ dání lọ, kí wọ́n má tàn yín. Ọ̀sán ni kí ẹ lọ o, iná inú ṣọ́ọ̀bù kì í jẹ́ kéèyàn mọ ewé kan yàtọ̀ sí èkejì.